Wọ́n Gba Oògùn Lọ́wọ́ Búrẹ́mọ̀

Nígbà tí dókítà sọ fún Búrẹ́mọ̀ pé oògùn ẹ̀fọ́rí tó ń lò gan-an ló ń fọ́ ọ lórí, Búrẹ́mọ̀ wo dókítà náà tìfura-tìfura. Ọmọdé ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣeé kà. Ó yíjú sí Rùkáyàt ìyàwó rẹ̀, bóyá ohun mìíràn ni ìyẹn gbọ́ ní tirẹ̀. Rùkáyàt kàn ń mi orí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹlẹ́rìí.

"Dókítà, ẹ dákun," ni Búrẹ́mọ̀ wí jẹ́jẹ́, "ẹ tún un wí. Ó dà bí ìgbà téèyàn ní omi ló ń mú òùngbẹ gbẹ òun, àbí báwo lẹ ṣe wí i?"

"Bàbá, wóró mélòó lẹ ń gbé mì lóòjọ́?"

Búrẹ́mọ̀ sún díẹ̀ lórí àga. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í pe iye. "Ó... ó kàn ń ṣe bí i méjì. Bó bá le."

"Mẹ́jọ," ni Rùkáyàt wí. "Mẹ́jọ yẹn sì ni tojú mi o, dókítà. N ò mọ tẹ̀yìn mi."

Mẹ́jọ náà ni, ó sì ti di ọdún mẹ́fà. Búrẹ́mọ̀ ló ni ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ọjà ní Igbó-Ọrà. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ni àwọn tó ń yan gàrí máa ń tò síwájú rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n, ẹ̀rọ náà a sì máa ké bí ẹni tí wọ́n ń fi ipá gba ogún lọ́wọ́ rẹ̀. Ariwo náà ló kọ́kọ́ mú ẹ̀fọ́rí wá. Búrẹ́mọ̀ lo wóró méjì, ó lọ. Nígbà tó yá, ó ń lo méjì kó tó yí ẹ̀rọ, kí ẹ̀fọ́rí má baà wá rárá. Nígbà tó tún yá, ó ń lo méjì lọ́jọ́ Jímọ̀ tí kò yí ẹ̀rọ kankan, nítorí ìdákẹ́jẹ́ náà ń fọ́ ọ lórí.

"Orí yín ti mọ oògùn náà lójú, bàbá," ni dókítà wí. "Bí wákàtí díẹ̀ bá kọjá tí kò rí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í lù yín títí yóò fi rí i gbà."

Èyí yé Búrẹ́mọ̀ díẹ̀. "Bí ajá," ni ó wí. "Tí èèyàn fún ní eegun lẹ́ẹ̀kan."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. A ò ní fún un ní eegun mọ́. Á gbó, á gbó, á sú u, á lọ."

Dókítà wá là á sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà. Búrẹ́mọ̀ lè gba bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Ó sì lè ṣe é nílé, bí ẹnì kan bá wà tí yóò gba gbogbo oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò máa fún un lómi mu, tí kò sì ní í ṣàánú rẹ̀ nígbà tó bá ń bẹ̀bẹ̀. Ibi yòówù kó wà, yóò le. Láti ọjọ́ kejì, orí náà yóò fọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Oorun lè má kùn ún. Èébì lè gbé e.

"Wóró kan ṣoṣo, bàbá, bí ẹ bá gbé e mì, ọjọ́ kìíní la padà sí. Ẹ má sì fi ṣeré o. Àyẹ̀wò yín fi hàn pé kíndìnrín yín ti ń ráhùn. Bí ẹ bá tún fi ọdún kan gbé mẹ́jọ-mẹ́jọ mì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí la ó máa sọ mọ́."

Búrẹ́mọ̀ gbọ́ kíndìnrín, ó gbọ́ bẹ́ẹ̀dì, kò mọ èyí tó bani lẹ́rù jù nínú méjèèjì. Bàbá rẹ̀ ló gba bẹ́ẹ̀dì kẹ́yìn nínú ìdílé wọn. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé, ó mú búta àlùwàlá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń bá àwọn èèyàn ṣàwàdà lójú ọ̀nà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n fi gbé e padà, wọ́n sì gbé búta náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Búrẹ́mọ̀ kò bi ẹnikẹ́ni ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó kàn pinnu pé òun àti bẹ́ẹ̀dì ìjọba, kí oníkálukú máa wo ara wọn lókèèrè.

"Ẹ jẹ́ n rò ó," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ó di Jímọ̀."

Bí Búrẹ́mọ̀ ṣe ń ro nǹkan ni pé ó máa ń kà á. Ní ọjọ́ kejì, ó lọ jókòó sọ́dọ̀ Òkè tó ń lẹ táyà ní òdìkejì géètì ọsibítù, ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́sẹ̀. Bí ẹnì kan bá wọlé, ó ju òkúta kan sí àpò ọ̀tún bùbá rẹ̀. Bí ẹnì kan bá jáde, ọ̀kan bọ́ sí ti òsì. Bí iye méjèèjì bá ṣe déédéé, a jẹ́ pé àwọn tó ń wọ ibẹ̀ ń jáde. Bí ti ọ̀tún bá pọ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Lẹ́yìn ìrun Àìlà ọ̀sán, ó da òkúta sílẹ̀, ó kà á. Mẹ́tàlélógún ló wọlé. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló jáde.

Ìpayà mú un. "Òkè, àwọn tó jáde pọ̀ ju àwọn tó wọlé lọ. Níbo ni wọ́n ti rí mẹ́rin sí i?"

Òkè kò gbé ojú kúrò lára táyà. "Bàbá Aliyyah, Igbó-Ọrà lẹ wà o. Ìbejì ni. Ẹ ò rí àwọn obìnrin méjì tí wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì báyìí jáde?"

"Ìbejì. Ẹ̀n-ẹ́n." Búrẹ́mọ̀ yọ mẹ́rin kúrò, ó kù mẹ́tàlélógún. Ó ṣe déédéé. Ọkàn rẹ̀ ti fẹ́ẹ́ balẹ̀ kó tó rántí pé bàbá àgbà kan tó dé fìlà aláwọ̀ ewé wọlé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òkúta. Kò tíì jáde.

Ó dúró de bàbá náà títí di ìrun Alásárì. Fìlà aláwọ̀ ewé kò yọ. Búrẹ́mọ̀ dìde, ó gbọn ìdí rẹ̀, ó kó òkúta padà sí àpò bùbá rẹ̀, ó lọ sílé.

"Ilé ni," ni ó wí fún Rùkáyàt. "Ilé la ó ti ṣe é."

Ní àárọ̀ Sátidé, Rùkáyàt gbé abọ́ kan ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó oògùn nínú ilé. Ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹní. Ó bọ́ sí fìlà tó wà lára ìṣó. Ó tú àpótí irinṣẹ́ ẹ̀rọ, ó rí káàdì oògùn mẹ́ta nínú rẹ̀. Búrẹ́mọ̀ jókòó, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ń tú ẹrù rẹ̀ ní bodè. Nígbà tó dé ìdí tọ́ọ̀ṣì, Búrẹ́mọ̀ ní, "Tọ́ọ̀ṣì nìyẹn o."

"Mo mọ̀ pé tọ́ọ̀ṣì ni. Ọdún mélòó ló ti wà níbí tí kò tàn?"

Ó tú ìdí rẹ̀. Dípò bátìrì, oògùn ló ń já bọ́ sínú abọ́, pàrà, pàrà, pàrà.

"Bàbá Aliyyah."

"Bátìrì wọ́n," ni Búrẹ́mọ̀ wí, ó gbójú sílẹ̀.

Ọjọ́ kìíní rọrùn. Búrẹ́mọ̀ tilẹ̀ ń rò pé àṣejù ni ti dókítà. Ọjọ́ kejì ni ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ó wá dà bíi pé wọ́n gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ọjà, wọ́n gbé e sí àárín orí rẹ̀, wọ́n wá ń da ẹ̀gẹ́ tó ti gan sínú rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ nínú yàrá, Rùkáyàt fi aṣọ dí fèrèsé, ó gbé garawa tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bẹ ìyàwó rẹ̀ fún wóró kan. Ó bẹ̀ ẹ́ fún ìlàjì wóró. Ó ní kó kàn fi í hàn òun lókèèrè. Rùkáyàt ní kó mu omi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta tí í ṣe ọjọ́ Ajé, Jàmílàt tó ń yan gàrí ru ẹ̀gẹ́ dé ìdí ẹ̀rọ, kò bá ẹnì kankan. Ó wá bá Rùkáyàt lẹ́nu ọ̀nà ilé.

"Ìyá Aliyyah, ẹ kú àárọ̀ o. A ò gbúròó ẹ̀rọ láti ìjẹta."

"Ara Bàbá Aliyyah ni kò yá."

"Hẹ̀n! Ẹ ò gbé wọn lọ sí ọsibítù ni?"

"A lọ. Ilé ni wọ́n ní ká máa bọ̀."

"Oògùn wo ni wọ́n wá fún wọn?"

"Wọn ò fún wọn lóògùn. Wọ́n ní kí wọ́n má lo oògùn kankan mọ́. Èyí tó wà nílé gan-an, wọ́n ní ká gbà á lọ́wọ́ wọn."

Jàmílàt rọra sọ agbọ̀n ẹ̀gẹ́ kalẹ̀. Ó wo ojú Rùkáyàt. Ojú náà pọ́n. Èéfín ló wọ̀ ọ́, nítorí àgbàdo ló ń sè. "Ọlọ́hun á fún yín ní sùúrù," ni Jàmílàt wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí Rùkáyàt sọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní gbogbo Ìbàràpá pé bí ọsibítù bá ní kí wọ́n máa gbé aláìsàn lọ sílé, tí wọn kò fún un lóògùn, tí wọ́n tún gba èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti parí. Kí ẹbí jókòó tì í ló kù, kí wọ́n fún un ní ohun tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́ jẹ, kí ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́ sì tètè tọrọ àforíjì. Jàmílàt sọ fún ẹni méjì kó tó délé. Àwọn ọlọ́kadà gbé ìròyìn náà dé Èrúwà. Fóònù gbé e dé Ayétẹ̀.

Láwàl ló kọ́kọ́ dé. Ọ̀rẹ́ Búrẹ́mọ̀ ni, òun náà ní ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ ní apá kejì ọjà. Ó wọ yàrá, kò sọ̀rọ̀, ó di ẹsẹ̀ Búrẹ́mọ̀ mú.

"Láwàl, orí ló ń fọ́ mi. Kì í ṣe ẹsẹ̀."

"Búrẹ́mọ̀, forí jì mí."

"Nítorí kí ni?"

"Béélìtì."

"Béélìtì wo?"

"Béélìtì ẹ̀rọ rẹ. Èyí tó sọnù lọ́dún tí òjò ò jẹ́ ká rí Iléyá ṣe dáadáa. Èmi ni mo mú un."

Búrẹ́mọ̀ gbìyànjú láti gbé orí sókè, orí náà kọ̀. "Láwàl, mo ṣépè fún olè yẹn. Ọ̀dọ̀ mi lo jókòó sí."

"Mo jókòó."

"O ń ṣe àmín!"

"Kí ni ǹ bá ṣe bí kì í ṣe àmín? Bí n ò bá ṣe é, wàá fura." Láwàl nu imú. "Ó ṣì wà lórí ẹ̀rọ mi báyìí. Béélìtì gidi ni, kò tíì já. Ṣáà forí jì mí, ọ̀rẹ́ mi."

Búrẹ́mọ̀ forí jì í kó lè fi ẹsẹ̀ òun sílẹ̀. Bí Láwàl ṣe ń lọ, ó yọ káàdì oògùn ẹ̀fọ́rí kan lápò, ó tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Ta ni í lọ kí aláìsàn lọ́wọ́ òfo? Rùkáyàt wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ó wo ìrọ̀rí, ó yọ káàdì náà lọ.

Malachi ló tẹ̀lé e. Tíṣà ni, òun àti Búrẹ́mọ̀ jọ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Bí Búrẹ́mọ̀ ṣe rí i ni àyà rẹ̀ já, nítorí ọjọ́ Ajé ni, ilé-ìwé wà, Malachi kì í sì í fi kíláàsì sílẹ̀ àfi bí wọ́n bá fẹ́ sin èèyàn.

"Búrẹ́mọ̀, o rántí ìwé karùn-ún?"

"Mo rántí. Ibẹ̀ ni mo dúró."

"Àwòrán ọ̀gá ilé-ìwé tí wọ́n rí lára ògiri... tí wọ́n nà ọ́ lẹ́gba mẹ́rìnlélógún nítorí rẹ̀..."

Ọjọ́ yẹn ni Búrẹ́mọ̀ fi ilé-ìwé sílẹ̀ tó lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ.

"Èmi ni mo yà á," ni Malachi wí. "Mo ti ń fẹ́ sọ fún ọ láti ọjọ́ yìí wá. Mi ò fẹ́ kó di iwájú Olúwa ká tó yanjú rẹ̀."

"Èé ṣe tó fi jẹ́ òní?" ni Búrẹ́mọ̀ béèrè. "Malachi, kí ló dé tó fi jẹ́ òní lo wá sọ ọ́?"

Malachi wo òrùlé. Ó gbé ọsàn mẹ́rin àti káàdì oògùn kan kalẹ̀, ó jáde.

Nígbà tí Búrẹ́mọ̀ wà nìkan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan jọ, bó ṣe ka òkúta. Láwàl jẹ́wọ́. Malachi jẹ́wọ́. Àwọn obìnrin alásàláátù mẹ́fà jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń ṣe àdúà lóhùn jẹ́jẹ́, irú èyí tí wọn kì í ṣe fún ẹ̀fọ́rí. Ó pe Rùkáyàt.

"Lọ́jọ́ tá a lọ sọ́dọ̀ dókítà, nígbà tí mo jáde lọ tọ̀, kí ló sọ fún ọ?"

"Ó ní kí n má fún yín lóògùn, bó ti wù kẹ́ ẹ bẹ̀ mí tó."

"Kí ló kù?"

"Kò sí nǹkan tó kù."

"Kí ló wá ń pa ẹ́ lẹ́kún?"

"Èéfín ni, Bàbá Aliyyah! Ẹ wo àgbàdo nínú ìkòkò bí ẹ bá rò pé irọ́ ni."

Obìnrin rere ni Rùkáyàt. Búrẹ́mọ̀ sì mọ̀ pé obìnrin rere kì í sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ikú ti dé.

Ọjọ́ kẹrin ló pa á láyò. Hàkímù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Ayétẹ̀, wọlé pẹ̀lú ọ̀rá dúdú kan lábíyá. Ó dúró lókè orí Búrẹ́mọ̀, ó fi ojú wọ̀n ọ́n láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n padà.

"Búrẹ́mọ̀, o ò ga jù mí lọ, àbí o ga jù mí lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi gíga mi ṣe?"

"Mo kàn béèrè ni."

"Kí ló wà nínú ọ̀rá yẹn?"

"Búrẹ́dì ni."

Búrẹ́mọ̀ wo ọ̀rá náà. Aṣọ funfun yọ ẹnu níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò tíì rí búrẹ́dì tó ní ìṣẹ́tí.

Hàkímù tẹ̀ ba, ó rọra fi káàdì oògùn kan sí i lọ́wọ́, ó pa ọwọ́ náà dé. "Gbé méjì mì, àbúrò mi," ni ó sọ sí i létí. "Ẹni tó ń lọ, kí ni wọ́n tún ń fi oògùn dù ú sí? Má jẹ̀rora. Mi ò ní sọ fún ìyàwó rẹ."

Ó jáde lọ bá àwọn èèyàn ní pálọ̀. Búrẹ́mọ̀ di káàdì náà mú. Orí rẹ̀ ń lọ gbàgàgbàgà. Ó tẹ wóró méjì jáde, ó kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò wọ́n. Funfun, kékeré, oníwà pẹ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ pé òun ń kú, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe fún òun mọ́, kí òun gbé e mì kí òun sinmi. Bó bá sì jẹ́ pé òun kò kú, tí òun gbé e mì, kíndìnrín yóò gbọ́, òun yóò wá kú ní tòótọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì, ọsibítù ló sì wà.

Ó pa àtẹ́lẹwọ́ dé mọ́ wóró méjèèjì, ó bọ́ sílẹ̀. Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, nítorí àwọn tó wá dágbére fún un ti kún iwájú ilé. Ó na ọwọ́ sí ọlọ́kadà kan. Ọmọkùnrin náà tẹ bíréèkì, ó rí ojú ẹni tó dá òun dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Bàbá Aliyyah! Wọ́n ní ẹ ti..."

"Mo ti kí ni?"

"Kò sí nǹkan, sà. Ẹ gùn ún. Ẹ rọra o."

Nígbà tí wọ́n dé géètì ọsibítù, ọmọkùnrin náà kọ̀, kò gba owó. Ó ní kí bàbá kàn ṣàdúà fún òun. Ọlọ́kadà Igbó-Ọrà tó ń gba owó lọ́wọ́ ìyá tó bí i! Búrẹ́mọ̀ kò nílò ẹ̀rí mìíràn mọ́.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ́tárá ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Obìnrin dúdú, gíga, tí kì í pariwo. Òun ló ti ń pe Rùkáyàt lórí fóònù lójoojúmọ́.

"Bàbá? Ta ló mú yín wá?"

"Nọ́ọ̀sì, mo fi Ọlọ́run tẹ́ ẹ̀ ń sìn bẹ̀ yín, ẹ má fi bò fún mi. Ṣé mò ń kú ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Búrẹ́mọ̀ ro gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró: Láwàl àti béélìtì, Malachi àti àwòrán, àwọn alásàláátù, búrẹ́dì oníṣẹ́tí, ọlọ́kadà tí kò gba owó. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni nọ́ọ̀sì ń di ògiri mú. Nígbà tó dé orí búrẹ́dì, ẹ̀rín wó obìnrin náà lulẹ̀ sórí àga.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí," ni ó wí, ó ń nu ojú.

"Ẹ̀yin náà? Kí lẹ jí ní tiyín?"

Ẹ̀rín tún gbé e lọ. Nígbà tó rọlẹ̀, ó na ọwọ́. "Ẹ ṣí àtẹ́lẹwọ́ yín."

Búrẹ́mọ̀ ṣí i. Oògùn méjèèjì ti yọ́ mọ́ òógùn, ó ti di ẹfun lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ lá a?"

"Mi ò lá a."

"Ẹ ò tọ́ ọ wò rárá?"

"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mi ò tíì ya wèrè."

Ọmọ́tárá fi òwú nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́. "Ọjọ́ kẹrin lẹ wà, bàbá, èyí tó le jù. Oògùn wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò gbé e mì. Ẹni tó ń kú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa lọ sílé, ẹ ń ṣe dáadáa."

"Ilé?" Búrẹ́mọ̀ di àga mú. "Nọ́ọ̀sì, ẹ fún mi ní bẹ́ẹ̀dì. Ilé kọ́ ló burú, àwọn tó wà níbẹ̀ ni. Wọ́n ti sin mí tán, sàráà ló kù. Oògùn tí wọ́n sì ti gbé wá kí mi ti tó ṣí ṣọ́ọ̀bù."

Báyìí ni Búrẹ́mọ̀ ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ bẹ́ẹ̀dì ìjọba. Wọ́n fún un ní èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Aago mẹ́rin sí márùn-ún nìkan ni àlejò lè wọlé, Ọmọ́tárá sì ń tú àpò oníkálukú wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ògiri kan ló wà láàárín wọ́ọ̀dù náà àti ibi tí àwọn ìyá tuntun wà. Bí ọmọ kan bá ké, èkejì á dá a lóhùn, àwọn ìbejì tó wà ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀lé e á sì gbè é. Ní ọjọ́ karùn-ún Búrẹ́mọ̀ bì títí wọ́n fi fa omi sí i lára. Ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú kó má baà wá oògùn kiri ibi tí kò sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà ó la ojú, ó rí fìlà aláwọ̀ ewé lójú fèrèsé.

"Bàbá!" ni ó kígbe. "Ẹ ò tíì jáde?"

Bàbá àgbà náà yọjú wọlé. "Jáde lọ síbo? Èmi ni mò ń ṣọ́ ibí. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà lọ sílé."

Ní ìgboro, ọ̀rọ̀ ti yí. Wọ́n ti fún Bàbá Aliyyah ní bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fa omi sí i lára, a jẹ́ pé ìrètí wà! Jàmílàt jó dé ìdí ẹ̀rọ. Inú gbogbo èèyàn dùn, àfi pé inú àwọn kan dùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bí ẹni tó ń fi eyín bo nǹkan. Láwàl wá ní ọjọ́ keje, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Ọ̀rẹ́ mi, ara ti ń mókun. Lọ́jọ́ tí mo wá sílé... orí ń fọ́ ọ gan-an lọ́jọ́ yẹn, àbí?"

"Ó fọ́ mi."

"O lè má rántí gbogbo ohun tá a sọ."

"Orí ló ń fọ́ mi, Láwàl. Etí mi le koko."

Láwàl mí kanlẹ̀. "Màá tú u wá lọ́la."

Malachi pẹ́ kó tó wá. Ọjọ́ kẹsàn-án ni, ó jókòó jìnnà díẹ̀. Búrẹ́mọ̀ na káàdì ọsibítù rẹ̀ sí i, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fún un ní bírò.

"Yà á."

"Kí ni?"

"Àwòrán ọ̀gá. Òkèèrè ni wọ́n ti nàka sí i hàn mí, wọ́n ti pa á rẹ́ kí n tó dé ibẹ̀. Ẹgba mẹ́rìnlélógún, Malachi, mi ò tíì rí ohun tí mo jẹ ẹ́ lé lórí."

Malachi wo ọ̀tún, ó wo òsì, tíṣà àádọ́ta ọdún ó lé. Ó tẹ̀ ba orí káàdì. Ó ya ikùn tó ń ṣíwájú ẹni tó ni ín wọlé. Ó ya ojú méjì tí kò wo ibì kan náà. Ó ronú díẹ̀, ó wá fi ìrù ewúrẹ́ sí i lẹ́yìn.

Búrẹ́mọ̀ wo ìrù náà. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó gòkè, ó já. Ó rẹ́rìn-ín títí bẹ́ẹ̀dì fi ń dún, àwọn ìbejì lẹ́yìn ògiri sì jí, wọ́n figbe ta. Lójijì ó dákẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Láti ọdún mẹ́fà, bó bá ti rẹ́rìn-ín díẹ̀, orí á gbẹ̀san. Ó di í mú, ó ń dúró dè é. Malachi náà ń dúró. Ọmọ ń ké. Kò sí nǹkan tó wá.

"Nọ́ọ̀sì!" ni ó kígbe. "Nọ́ọ̀sì, ẹ wá o! Nǹkan kan ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ nínú orí mi!"

Ọmọ́tárá sáré dé. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé ọwọ́ lé e níwájú orí. "Ajá yẹn ti lọ, bàbá," ni ó wí. "Ẹ má fi eegun pè é padà."

Ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e ni wọ́n dá a sílẹ̀. Hàkímù wá pẹ̀lú ọ̀rá dúdú rẹ̀. Ó ti gbé búrẹ́dì náà lọ fún télọ̀, ó ti di jàlàmíà funfun.

"Kí aṣọ má baà ṣòfò," ni ó wí, kò wo ojú àbúrò rẹ̀.

Búrẹ́mọ̀ wọ̀ ọ́. Ó gùn ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú wọn èèyàn. Bí wọ́n ṣe jáde ní géètì, tí Rùkáyàt di ẹrù mú, Búrẹ́mọ̀ dúró, ó fa bùbá tó wọ̀ wá lọ́jọ́sí yọ nínú ẹrù náà, ó wo inú àpò ọ̀tún rẹ̀. Òkúta wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ó mú ẹyọ kan, ó fi í sí àpò òsì: òun náà ti jáde.

"Bàbá Aliyyah!" ni Òkè pè é láti ìdí táyà. "Ẹ wo ẹ̀yìn yín o, kí ìṣirò má baà tún dà yín láàmú!"

Búrẹ́mọ̀ bojú wẹ̀yìn. Obìnrin kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ kan ní apá ọ̀tún, ọmọ kan ní apá òsì. Búrẹ́mọ̀ ká jàlàmíà rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lójú títì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta sí i.